Àwọn Tó Ta Àgádágodo fún Wa

Iléeṣẹ́ kan ní Switzerland ta ẹ̀rọ rẹpẹtẹ fún orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Iṣẹ́ ẹ̀rọ náà ni láti sọ ọ̀rọ̀ di àdììtú, kí ìjọba lè ránṣẹ́ sí àwọn aṣojú rẹ̀ ní òkèèrè láìjẹ́ pé ẹlòmíràn gbọ́ ohun tí wọ́n ń bá ara wọn sọ. Ọdún méjì kọjá. Iléeṣẹ́ náà rán ọkùnrin kan wá kó wá wo bí ọjà ṣe ń ṣiṣẹ́ sí. Ó bá àwọn ẹ̀rọ náà nínú ilé ìkẹ́rùsí, nínú páálí tí wọ́n fi kó wọn wá gan-an. Kò tíì sí ẹni tó tú wọn.

Bí ìtàn náà bá parí síbẹ̀, à bá rẹ́rìn-ín, à bá ní ìṣe wa nìyẹn: owó ìlú ti lọ, ẹrù wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdí tí wọ́n fi rán ọkùnrin náà ló mú mi kọ àròkọ yìí. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá oníbàárà wọn ń gbádùn ọjà. Láti ìgbà tí ọjà ti kúrò lọ́wọ́ wọn ni àwọn tó ni iléeṣẹ́ náà gan-an ti ń retí pé àwọn yóò máa tipasẹ̀ ẹ̀rọ yẹn ka àṣírí Nàìjíríà. Ọdún méjì gbáko, wọn kò rí nǹkan kan kà. Ohun tó ń dà wọ́n láàmú nìyẹn.

Crypto AG ni orúkọ iléeṣẹ́ náà. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 2020, ìwé ìròyìn Washington Post ti Amẹ́ríkà, pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n ZDF ti Jámánì àti SRF ti Switzerland, gbé e jáde pé láti ọdún 1970 ni àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ méjì, CIA ti Amẹ́ríkà àti BND ti Jámánì, ti jọ ra iléeṣẹ́ náà ní ìkọ̀kọ̀. Orílẹ̀-èdè tó lé ní 120 ló ra ẹ̀rọ lọ́wọ́ rẹ̀, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ yìí fúnra wọn ló kọ ìtàn ohun tí wọ́n ṣe, tí wọ́n fi pamọ́, kó tó bọ́ sọ́wọ́ àwọn akọ̀ròyìn. Ibẹ̀ náà ni ìtàn páálí wa ti jáde. Ọ̀sẹ̀ méjì ó lé díẹ̀ lẹ́yìn ìròyìn náà, kòrónà wọ Nàìjíríà. Ta ló tún ráyè ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́?

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ìjọba ńláńlá nìkan ni mo fẹ́ sọ. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní káfẹ̀ kékeré kan ní Igbókọ̀dá. Àwọn ènìyàn máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi wá bá a láti Ayétòrò, láti Awoye àti àwọn abúlé etí òkun yòókù, láti tẹ ìwé, láti forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò. Ṣùgbọ́n láti ọdún mélòó kan, iṣẹ́ mìíràn ti wọ̀ ọ́. Wọ́n ń kó ìwé ẹ̀rí ìbí wá, ìwé ẹ̀rí iléèwé, ìwé ilẹ̀, fọ́tò ìgbéyàwó, pé kó bá àwọn ya ẹ̀dà rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ Ìlàjẹ yóò mọ ìdí rẹ̀. Òkun ń jẹ Ayétòrò. Ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó ní ọdún 1947, tó ní iná mànàmáná tirẹ̀ nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá kò ní, òpópónà tó ti wọ inú omi níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan. Bí òkun bá gbé ilé lọ, èèyàn lè tún pákó kàn sí ibòmíràn. Ìwé tí omi iyọ̀ bá rin kò ṣeé tún kàn. Báyìí ni kọ̀ǹpútà ẹ̀gbọ́n mi ṣe di àpótí ọ̀pọ̀ ẹbí.

Ẹ̀rù kòkòrò kọ̀ǹpútà wá ń bà á. Ó béèrè lọ́wọ́ mi irú antivirus tí òun ì bá lò: ti ọ̀fẹ́ ni, tàbí èyí tí a ń sanwó fún lọ́dọọdún, tàbí èyí tí oníbàárà kan gbé wá lórí fláàṣì pé wọ́n ti bá òun já okùn rẹ̀. Ó ní, “Ìwọ tí o ń ka ìtàn níléèwé, ta ni kí n fọkàn tán nínú wọn?” Yẹ̀yẹ́ ló ń fi mí ṣe, nítorí lójú tirẹ̀, ẹ̀kọ́ ìtàn kò lè tún kọ̀ǹpútà ṣe. Èmi kò gba ìbéèrè náà bíi yẹ̀yẹ́.

Kí ìwé tó dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn baba wa ń pa àrokò. (Kí òǹkàwé má ṣì mí gbọ́: àròkọ ni mo ń kọ, àrokò ni wọ́n ń pa.) Bí wọ́n bá so owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀ ránṣẹ́ sí ènìyàn, ó túmọ̀ sí pé ọkàn ẹni tó fi ránṣẹ́ fà sí i, nítorí ẹ̀fà. Bí ó bá jẹ́ mẹ́jọ, a jọ wà nìyẹn, ọ̀rọ̀ wa jọra. Ẹni tó gbé e lọ lè má mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí ni pé ẹni tó ń ránṣẹ́ àti ẹni tó ń gbà á ni wọ́n mọ ìtumọ̀ rẹ̀ láàárín ara wọn. Wọn kò ra àrokò lọ́wọ́ oníṣòwò. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi rédíò ránṣẹ́, tí iṣẹ́ di ọgọ́rọ̀ọ̀rún lóòjọ́, ọwọ́ ènìyàn kò ká a mọ́. Wọ́n nílò ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ sì ní láti jẹ́ rírà, ẹni tó rà á kì í sábà mọ inú rẹ̀. Ibẹ̀ ni olùtajà ti wọ ọ̀rọ̀ àṣírí.

Boris Hagelin ló dá Crypto AG sílẹ̀. Ọmọ Sweden ni, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Rọ́ṣíà ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1892. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó sá lọ sí Amẹ́ríkà pẹ̀lú ẹ̀rọ rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun fẹ́ràn ẹ̀rọ náà nítorí pé ó kéré, kò lo iná mànàmáná, a sì lè gbé e dé ojú ogun. Wọ́n sọ ọ́ ní M-209, iléeṣẹ́ tó ń ṣe táípúráítà ló sì ṣe nǹkan bí 140,000 nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ogun, Hagelin padà sí Sweden, ó tún kó lọ sí Switzerland. Ibẹ̀ ni Crypto AG ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1952. Switzerland kì í bá wọn dá sí ìjà ẹnikẹ́ni, gbogbo ayé ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ mi, orúkọ Switzerland gan-an ni ìdajì ọjà tí Hagelin ń tà.

Hagelin ní ọ̀rẹ́ kan ní Amẹ́ríkà, William Friedman, ògbóǹtarìgì nínú títú àdììtú. Ní ọdún 1951 àwọn méjèèjì jọ jẹun alẹ́ ní ilé ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Cosmos Club ní Washington. Wọ́n fẹnu kò níbẹ̀ pé ẹ̀rọ tó bá lágbára jù, àwọn orílẹ̀-èdè tí Amẹ́ríkà bá fọwọ́ sí nìkan ni Hagelin yóò máa tà á fún. Àwọn yòókù yóò máa ra èyí tó ti gbó, tó rọrùn láti tú. Amẹ́ríkà yóò sì fi owó dí àdánù rẹ̀. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, ó parí.

Nígbà tó fi di ọdún 1967, ẹ̀rọ onírin tí a ń fọwọ́ yí ti ń kógbá wọlé, ti oníná ló kù. Hagelin kò mọ ìyẹn ṣe dáadáa. Àjọ Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ NSA ló bá a ya inú ẹ̀rọ tuntun tó gbé jáde lọ́dún náà. Ẹ fi ojú inú wo ohun tó ṣẹlẹ̀ yìí: alágbẹ̀dẹ ń ta àgádágodo, ẹni tó ń fẹ́ wọlé rẹ ló sì bá a rọ ọ́. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, nígbà tí Hagelin ti dàgbà, CIA àti BND kúkú ra gbogbo iléeṣẹ́ náà ní nǹkan bíi 5.75 mílíọ̀nù dọ́là. Wọ́n gba ọ̀nà ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Liechtenstein, kí orúkọ wọn má bàa hàn nínú ìwé.

Mo fẹ́ ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé wọ́n tọ́jú ẹ̀rọ agbọ̀rọ̀sọ kékeré kan sínú rẹ̀ ni. Rárá o. Ẹ̀rọ náà ń da lẹ́tà rú pẹ̀lú àwọn nọ́ḿbà tó jọ bíi pé wọn kò ní ètò kankan. Bí ó bá pẹ́ gan-an kí àwọn nọ́ḿbà náà tó yípo padà sí ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè tú u. Bí ó bá tètè yípo, ẹni tó mọ̀ yóò rí ipasẹ̀ rẹ̀. Wọ́n jẹ́ kó tètè yípo. Lójú oníbàárà, ọ̀rọ̀ ti dàrú dáadáa, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Àgádágodo tí wọ́n ní ó ní ẹgbẹ̀rún eyín nínú, tó jẹ́ pé ẹni tó rọ ọ́ mọ̀ pé mẹ́wàá péré ló ń ṣiṣẹ́.

Ohun tí wọ́n rí kà kì í ṣe kékeré. Ní ọdún 1978, nígbà tí Íjíbítì àti Ísírẹ́lì ń ṣe ìpàdé àlàáfíà ní Camp David ní Amẹ́ríkà, àwọn tó gbà wọ́n lálejò ń ka iṣẹ́ tí Ààrẹ Sadat ń fi ránṣẹ́ sílé. Nígbà ogun Falklands ní ọdún 1982, Amẹ́ríkà ka ti Argentina, ó sì ń sọ fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Soviet Union àti Ṣáínà kò ra ẹ̀rọ Crypto AG ní tiwọn. Wọ́n fura. Nítorí náà àwọn tí kò fura, àwọn tó gbà pé ẹni tí kì í jà kò lè ṣe ọ̀tá wọn, ni ẹ̀rọ náà mú jù.

Ó dùn mí fún àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kò mọ nǹkan kan. Onímọ̀ ẹ̀rọ kan, Peter Frutiger, ti ń fura. Ó lọ sí Damascus, ó bá àwọn ará Síríà tún ẹ̀rọ wọn ṣe kó lè lágbára sí i. Wọ́n lé e kúrò níṣẹ́ ní ọdún 1977. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n gba obìnrin kan, Mengia Caflisch, tó mọ ìṣirò gan-an. Kò pẹ́ tí òun náà fi rí ibi tó ti jò. Ó ya ẹ̀rọ kan tí kò ní àbùkù náà. Àádọ́ta ti jáde kí àwọn ọ̀gá tó mọ̀, tí wọ́n dá a dúró. Wọ́n ta àádọ́ta náà fún àwọn báńkì, kí ó má bàa bọ́ sọ́wọ́ ìjọba kankan. Èmi fẹ́ràn obìnrin yìí. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà á sí ló ń ṣe, ìyẹn gan-an ló sì kó wàhálà bá àwọn ọ̀gá rẹ̀.

Ti Hans Buehler ló burú jù. Òun ló ń ta ọjà fún Iran. Ní oṣù Kẹta ọdún 1992, wọ́n mú un ní Tehran, wọ́n tì í mọ́lé oṣù mẹ́sàn-án, wọ́n ń bi í léèrè bóyá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni. Kò ní ohun tó lè jẹ́wọ́, nítorí pé kò mọ ohun tó ń tà. Mílíọ̀nù kan dọ́là ni wọ́n san kó tó jáde. Nígbà tó délé, iléeṣẹ́ rẹ̀ lé e kúrò níṣẹ́, ó sì ní kó wá dá owó náà padà. Ọdún 1993 tí ó jáde yìí náà ni ẹ̀rù ba àwọn ará Jámánì, tí wọ́n ta ìpín tiwọn fún CIA ní 17 mílíọ̀nù dọ́là. Kò sí oníbàárà tó mọ̀ pé iléeṣẹ́ tí òun ń bá ṣòwò ti tún yí ọwọ́ padà.

Nígbà tí mo dé ibi yìí nínú ìwé kíkà mi, ó dà bíi pé mo ti gbọ́ ìtàn náà rí. Mo ti gbọ́ ọ. Ìtàn Màhín ni. Ní ọdún 1885, iléeṣẹ́ Gaiser, oníṣòwò ará Hamburg tó ń ta ọjà ní Èkó, ra ilẹ̀ etí òkun lọ́wọ́ Amapetu ti Màhín. Nachtigal, aṣojú ìjọba Jámánì, sì bá ọba ṣe ìwé ààbò. Ààbò ni wọ́n pè é. Nachtigal kú sójú òkun ní oṣù Kẹrin ọdún náà gan-an. Berlin kò fi ọwọ́ sí ìwé náà, ó bá London dúnàádúrà, ó sì fi Màhín sílẹ̀ fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí Amapetu bá ṣe àdéhùn kọ́ ló wá di ọ̀gá etí òkun wa. Mo mọ̀ pé ilẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rọ, olùkọ́ mi sì ti kìlọ̀ fún mi pé kí n má fi ọ̀rọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kan bo ti òmíràn mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìtàn méjèèjì, ẹni tó ń ta ààbò lè tún ààbò náà tà fún ẹlòmíràn, kí ẹni tí wọ́n ń dáàbò bò má sì gbọ́ sí i.

Ní báyìí ẹ jẹ́ kí n dé orí antivirus tí ẹ̀gbọ́n mi béèrè. Antivirus kì í ṣe sọ́fútíwíà bíi ti àwọn yòókù. Kó tó lè rí kòkòrò, ó gbọ́dọ̀ wọ gbogbo yàrá, kó ṣí gbogbo àpótí, kó wo gbogbo ìwé. Ọdẹ tí a gbà láti máa ṣọ́ ilé, tí a sì kó gbogbo kọ́kọ́rọ́ fún, ni. Bí ó bá jẹ́ olóòótọ́, ó dára. Bí kò bá jẹ́ olóòótọ́, tàbí bí ó bá kàn ṣe àṣìṣe lásán, kò sí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ kò dé.

Àwọn méjèèjì ti ṣẹlẹ̀. Avast, iléeṣẹ́ kan láti ilẹ̀ Czech, ń pín antivirus lọ́fẹ̀ẹ́ fún àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ènìyàn. Ní oṣù Kìíní ọdún 2020, ìròyìn jáde pé ó ń kó àkọsílẹ̀ ibi tí àwọn ènìyàn ń lọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì ń tà á nípasẹ̀ ọmọ iléeṣẹ́ rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Jumpshot. Wọ́n ti Jumpshot pa. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, FTC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gbèjà àwọn oníbàárà, ní kí Avast san 16.5 mílíọ̀nù dọ́là. Ohun tó ń ya mi lẹ́nu ni pé ara ohun tí Avast fi ń polówó ọjà rẹ̀ ni pé yóò bá ọ lé àwọn tó ń tọpa rẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ti àṣìṣe ni CrowdStrike. Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2024, ó fi àtúnṣe kan tó ní àbùkù ránṣẹ́ sí àwọn kọ̀ǹpútà tó ń ṣọ́, nǹkan bí 8.5 mílíọ̀nù sì dákú lọ́jọ́ kan náà. Ọkọ̀ òfurufú kò gbéra, ilé ìwòsàn dá iṣẹ́ dúró. Kò sí olè níbẹ̀. Ọdẹ ló fi ẹsẹ̀ kọ àtùpà.

Ti Kaspersky ṣòro láti dá lẹ́jọ́. Moscow ni iléeṣẹ́ náà wà. Ní ọdún 2017 ìjọba Amẹ́ríkà pàṣẹ kí àwọn iléeṣẹ́ rẹ̀ yọ ọ́ kúrò, ní ọdún 2024 ó sì ka títà rẹ̀ léèwọ̀ pátápátá, pé Rọ́ṣíà lè gba ibẹ̀ wọlé. Kaspersky ní kò rí bẹ́ẹ̀. Kí ayé lè gbà á gbọ́, ó kó ara iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ìlú Zurich, ó sì ṣí ibì kan síbẹ̀ tí àwọn oníbàárà ti lè wá wo kóòdù rẹ̀. Zurich, ní Switzerland! Ẹni tó mọ ìtàn Crypto AG kò lè ṣàì rẹ́rìn-ín díẹ̀. Amẹ́ríkà tó ń kìlọ̀ náà ńkọ́? Àwọn àgbà ní olè ló ń mọ ẹsẹ̀ olè í tọ̀ lórí àpáta. Ìyẹn kò sọ ìkìlọ̀ rẹ̀ di irọ́. Ó lè jẹ́ òun gan-an ló mọ̀ jù.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kíláàsì ní mo ń da ara mi láàmú lásán: ta ni yóò jókòó sí Moscow tàbí Washington, kó máa wo ìwé ẹ̀rí ìbí ọmọ apẹja? Mo dá a lóhùn pé kò sẹ́ni tó jókòó wo ohunkóhun ní Avast náà. Ẹ̀rọ ló ń kó o jọ. Ọmọ apẹja kò nílò kí wọ́n mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó tà á.

Ó tún ní bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ṣé kò yẹ kí a ṣe bíi ti àwọn tó kó ẹ̀rọ sílẹ̀ nínú páálí? Ìbéèrè yìí dá mi dúró fún ọjọ́ mélòó kan. Páálí yẹn dáàbò bo àṣírí Nàìjíríà ju bí ẹ̀rọ inú rẹ̀ ì bá ti ṣe lọ, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ìjọba kò dákẹ́ fún ọdún méjì yẹn. Ó ṣì ń fi ọ̀nà kan ránṣẹ́, bóyá ọ̀nà tí kò ní àgádágodo rárá. Ẹ tún wo WannaCry. Ní oṣù Kẹta ọdún 2017, Microsoft gbé àtúnṣe jáde fún ihò kan nínú Windows. Àwọn kan kò gbà á. Ní oṣù Karùn-ún, kòkòrò WannaCry gba ihò náà wọlé, ó ti ìwé àwọn ènìyàn pa lórí kọ̀ǹpútà tó lé ní 200,000 ní nǹkan bí 150 orílẹ̀-èdè, títí kan ilé ìwòsàn ìjọba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ní kí wọ́n sanwó. Irinṣẹ́ tó fi wọlé, NSA ló ṣe é, wọ́n sì jí i gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Nítorí náà ẹni tí kò gba àtúnṣe nítorí ìfura, ọwọ́ ẹni tó ń sá fún náà ló tún bọ́ sí.

Ohun tó kù ni bí a ṣe ń yan olùtajà. Ọdún méjì ṣáájú ìwé ààbò Màhín, ní ọdún 1883, olùkọ́ èdè kan ní Faransé tó ń jẹ́ Auguste Kerckhoffs kọ̀wé pé àdììtú tó dára ni èyí tí kò ní tú bí ọ̀tá bá tilẹ̀ jí ẹ̀rọ rẹ̀ gbé. Kọ́kọ́rọ́ nìkan ló yẹ kó jẹ́ àṣírí. Òdìkejì rẹ̀ ni Crypto AG ń ṣe. Ó ní kí oníbàárà má wo inú ẹ̀rọ, kó gba òun gbọ́. Níbi tí mo ti wá rí ìyàtọ̀ nìyẹn. Olùtajà tó bá jẹ́ kí àwọn tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ rẹ̀ wo inú ọjà rẹ̀, tó ń jẹ́wọ́ nígbà tó bá ṣe àṣìṣe, tó sì wà lábẹ́ òfin tó lè mú un, mo lè fún un ní kọ́kọ́rọ́ kan. N kò ní fún un ní gbogbo rẹ̀. Nàìjíríà náà ti ní òfin ààbò dátà láti oṣù Kẹfà ọdún 2023. Ṣùgbọ́n Jumpshot kọ́ mi pé òfin máa ń dé lẹ́yìn tí ọjà bá ti tà tán.

Mo kà gbogbo rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní ó gùn jù fún ìbéèrè kékeré tí òun béèrè. Síbẹ̀, ó yọ èyí tó wà lórí fláàṣì yẹn kúrò, nítorí pé ẹni tó já okùn nǹkan olówó lè so okùn mìíràn mọ́ ọn. Ó ń lo èyí tó bá Windows wá, ó sì ń gba àtúnṣe lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀ nígbà tí nẹ́tíwọọ̀kì bá dára. Ó ra háàdì dísíìkì méjì. Ó kó ìwé àwọn ènìyàn sórí wọn, kò so wọ́n mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan sì wà lọ́dọ̀ àbúrò ìyá wa ní Òkìtìpupa, níbi tí òkun kò dé.

Lóṣù tó kọjá, ìyá àgbà kan wá láti Ayétòrò pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí ìbí àwọn ọmọ rẹ̀ nínú ọ̀rá. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ya ẹ̀dà wọn tán, ó béèrè pé, “Ọmọ mi, yàtọ̀ sí ìwọ, ta ló tún lè rí i?” Tẹ́lẹ̀ rí, kò sẹ́nì kankan, mámà, ni ì bá fi dá a lóhùn. Ó ronú díẹ̀, ó sì kà wọ́n fún un: èmi, àwọn tó ṣe Windows bí wọ́n bá fẹ́, ẹni tí mo bá gbé kọ̀ǹpútà yìí fún kó tún un ṣe, àti àbúrò ìyá mi ní Òkìtìpupa. Ìyá náà ní kó bá òun kọ orúkọ gbogbo wọn sílẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde fún un, ìyá ká a mọ́ àwọn ìwé yòókù nínú ọ̀rá, ó sì lọ wọ ọkọ̀.